Lẹ́tà Kan Ló Yà Wọ́n

Bó ti wù kí ìbejì jọra tó, ìyá tó bí wọn kò ní pe Táíwò ní Kẹ́hìndé. Ẹni tí kò bá wọn gbélé ló máa ń ṣì wọ́n pè. Èmi kò bá èdè Gẹ̀ẹ́sì gbélé. Ilé-ìwé ni mo ti pàdé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣi ìbejì rẹ̀ kan pè ní ọdún 1985, ní Ọ̀kà Àkókó, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló jẹ ìyà rẹ̀.

Orúkọ àwọn ìbejì náà ni “prescribe” àti “proscribe”. Ẹ tún wọn wò dáadáa, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Mẹ́jọ nínú rẹ̀ bára mu rẹ́gí. Ẹyọ kan péré, ìkẹta láti iwájú, ló yàtọ̀: E ló wà nínú ti àkọ́kọ́, O ló wà nínú ti èkejì. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn jìnnà síra bí ọ̀sán ṣe jìnnà sí òru. Èyí àkọ́kọ́ ni kí aláṣẹ kọ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ fún wa: dókítà kọ oògùn fún aláìsàn, òfin la ọ̀nà tí a ó gbà yan olóyè. Èyí èkejì ni kí aláṣẹ fi òfin de nǹkan, kó kà á léèwọ̀ fún tọmọdé tàgbà. Ọ̀kan ní kí ẹ ṣe é. Ìkejì ní ẹ kò gbọdọ̀ dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama ni, mo sì ń ṣe tísà kékeré ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkàrẹ́. Bó bá ti di ọjọ́ Jímọ̀ tí a ṣíwọ́, mo máa ń wọ mọ́tò gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, níbi tí àwọn ẹbí ìyá mi ń gbé. Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà mọ̀ pé ìlú olókè ni, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré lásìkò ọyẹ́. Ìwé ìròyìn kì í sábà dé àdúgbò wa. Nítorí náà, tí mo bá ti ra ọ̀kan ní ìdíkọ̀ Ìkàrẹ́, tí mo ká a sábẹ́ abíyá, mo ti di ọba kékeré nìyẹn. N kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán nínú mọ́tò tí àwọn bàbá yóò ti máa pè mí pé, “Tísà, kí ni wọ́n wí?” Wọn yóò gbé àga síta fún mi, èmi náà yóò sì tú ìwé mi palẹ̀, ma wúkọ́ díẹ̀, ma wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí mo lò yẹn: túmọ̀. Àwọn tó jókòó yí mi ká kò lè wo ìwé náà fúnra wọn. Ohun tí mo bá ní ìwé wí, òun náà ni ìwé wí. Agbára ńlá ni wọ́n gbé lé ọmọ ogún ọdún lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó rí i pé agbára ni, àfi ìgbà tó bàjẹ́.

Àsìkò náà le. Àwọn ológun ti gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari sì ni olórí wọn. Nínú ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gágun Sani Abacha kà lórí rédíò lọ́jọ́ tí wọ́n gbàjọba, ọ̀kan lára ẹ̀sùn tó fi kan ìjọba alágbádá ni pé ọsibítù wa ti di ibi tí wọ́n kàn ń wo aláìsàn lásán: kò sí oògùn, kò sí omi, kò sí irinṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún kan kọjá, nǹkan kò yàtọ̀. Dókítà ń kọ oògùn, aláìsàn ń lọ rà á níta, títí kan òwú àti abẹ́rẹ́. Àwọn dókítà yarí, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba náà yarí fún wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ àwọn dókítà Nàìjíríà, àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i ní àwọn ọsibítù ńlá. Dókítà Beko Ransome-Kuti, tó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà, bá ara rẹ̀ ní àtìmọ́lé.

Ìròyìn yìí ló wà nínú ìwé tí mo ká sábẹ́ abíyá lọ sí Ọ̀kà ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan.

Nígbà tí mo délé, ara ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò yá. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta ni. Ibà ti ń ṣe é láti ìjẹta, ó ń sunkún, ó ń di orí mú. Ìyá kan ń bẹ ládùúgbò, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wa ní í pè é ní Ìyá Nọ́ọ̀sì. Òun ló wo ọmọ náà lọ́sàn-án, ó ní kí wọ́n tètè múra, òun yóò bá wọn lọ sí ọsibítù àwọn míṣọ́nnárì kan tó jìnnà díẹ̀, nítorí àwọn tibẹ̀ kò daṣẹ́ sílẹ̀. Owó mọ́tò ni wọ́n ń wá nígbà tí mo wọlé.

Ni wọ́n bá ní, “Tísà, ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ńkọ́? Ṣé ìjọba ò tíì sọ nǹkan kan?”

Mo ṣí ìwé. Àkọlé náà hàn gàdàgbà: ìjọba ológun, ẹgbẹ́ dókítà, àti ọ̀rọ̀ kan láàárín wọn, “proscribed”. N kò rí ọ̀rọ̀ náà rí láyé mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìkejì rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-ìwé pé “prescribe” ni iṣẹ́ tí dókítà ń ṣe tó bá ń kọ oògùn. Ó dáa, dókítà nìyí, ọ̀rọ̀ náà nìyí, kí ló tún kù? Mo rò ó pé ìjọba ló ti pàṣẹ nípa iṣẹ́ wọn. Mo wúkọ́, mo ní, “Ọ̀rọ̀ ti parí. Ìjọba ti pàṣẹ fún àwọn dókítà. Wọ́n ti ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n máa kọ oògùn fáwọn èèyàn.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò mí lójú. Ó ní, “Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ mi?”

Mo ní, “Ó dá mi lójú, Ìyá.”

Irọ́ ni mo pa. Kò dá mi lójú. Ṣùgbọ́n báwo ni tísà yóò ṣe dìde láàárín àgbà mẹ́wàá kó ní òun kò mọ ọ̀rọ̀ kan? Bí ojú ṣe ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n, òun ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lẹ́tà O kò jẹ̀bi.

Wọn kò bá Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ mọ́. Kí ni wọ́n ń lọ sọ́nà jíjìn fún, nígbà tí dókítà ti padà sí ọsibítù ìjọba? Wọ́n gba mọ́tò, wọ́n forí lé ọ̀kan tó sún mọ́ wa. Nígbà tí wọn yóò fi dé ibẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Mẹ́gádì kan ló wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú àtùpà. Ó ní dókítà wo? Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀, Ọlọ́run yóò san án fún un. Ní òru, gìrì mú ọmọ náà, ọrùn rẹ̀ gan. Ìdájí ni wọ́n tó rí mọ́tò tó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì. Dókítà ibẹ̀ ní àrùn yírùnyírùn ni. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ kò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kò gbọ́ràn mọ́ létí méjèèjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí n tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo dúró níwájú ilé aládùúgbò wa kan tó ń gbọ́ rédíò. Bátìrì tiwa ti kú láti ọ̀sẹ̀ náà. Ìròyìn lédè Yorùbá ni wọ́n ń kà, ẹni tó ń kà á sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ iyán pé: ìjọba ti fòfin de ẹgbẹ́ àwọn dókítà. Ó tán. Ọmọ ọdún márùn-ún yóò gbọ́ ọ yé. Ṣe ni ẹsẹ̀ mi wúwo bí òkúta.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ló pè mí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kò bú mi. Ó ní, “Tísà, kò sí ẹni tó lè sọ pé bí a bá dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, etí ọmọ náà ì bá là. Àrùn yẹn burú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ní là náà.” Lẹ́yìn náà ló gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sára páálí oògùn, ó fa ilà sábẹ́ lẹ́tà kẹta. Ó ní, “Èyí tó ní E, rántí ‘ẹ ṣe é’. Èyí tó ní O, rántí ‘ó tì o’. Bí n ṣe kọ́ ọ nìyẹn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, nítorí pé bí nọ́ọ̀sì bá ṣi èyí tí dókítà ní kí ó ṣe mọ́ èyí tó ní kó má ṣe, òkú ni yóò kù nílẹ̀.”

Ẹ ṣe é. Ó tì o. N kò gbàgbé rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Níbo ni wọ́n ti wá?

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wọ̀ mí lára, mo sì tọ ipasẹ̀ wọn. Ará Róòmù àtijọ́ ni wọ́n, èdè Látìnì ló bí wọn. Lédè náà, “scribere” ni kí a kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú ló ń yí i padà. “Prae” ni ṣáájú: kí a kọ nǹkan sílẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tẹ̀ lé e. “Pro” ni níta, níwájú gbogbo ayé: kí a kọ nǹkan, kí a sì gbé e síta gbangba kí olúkúlùkù lè rí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kejì yìí bẹ̀rẹ̀, kò ní oró nínú. Ẹni tó fẹ́ ta ilé lè gbé ìkéde síta, ìyẹn náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan ló bà á jẹ́. Sulla ni orúkọ rẹ̀, ọ̀gágun ni. Ní ọdún 82 ṣáájú ìbí Kristi, ó ṣẹ́gun àwọn tó ń bá a du agbára, ó sì gba Róòmù. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọ̀tá òun sára pátákó, kí wọ́n gbé e sí gbàgede tí gbogbo ìlú ti ń pàdé. Plutarch, òpìtàn ọmọ Gíríìsì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ 80 ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n fi ọjọ́ kan sinmi, 220 tún jáde. Ní ọjọ́ kẹta, iye tó tó bẹ́ẹ̀ náà tún jáde. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè pa á, ìjọba yóò sì fún apani lówó, ì báà jẹ́ ẹrú ló pa ọ̀gá rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ló pa bàbá. Wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò ní lè dipò mú mọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ “kọ ọ́ síta” lásán ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rù.

Ní ọdún 43 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n tún gbé pátákó mìíràn síta ní Róòmù. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ Cicero wà níbẹ̀, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ Látìnì sọ ju ẹnikẹ́ni lọ nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n lé e bá, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ tó fi kọ̀wé, wọ́n sì gbé wọn kọ́ sórí pèpéle tó ti máa ń bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kìíní ńkọ́? Ìyẹn lọ tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó bá àwọn amòfin gbé, ó bá àwọn oníṣègùn gbé. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹni tó ń po oògùn lè mọ ohun tí yóò pò: òun náà ni ìwé pélébé tí dókítà ń fi lé wa lọ́wọ́ títí di òní.

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́?

Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé, ìbejì náà bá wọn dé, wọ́n sì jọ ń rìn pọ̀ ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìgbóná, tí a ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọgbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó rí i pé ara èépá aláìsàn ni àwọn kan nínú wọn ti ń mú àrùn náà ràn. Nígbà tí ó tú àṣírí wọn, ìjọba òyìnbó fòfin de awo náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná ni ìjọba ní kí àwọn èèyàn gbà, bíbọ Ṣọ̀pọ̀ná ni ó kà léèwọ̀. Ọwọ́ kan náà ló fi ọ̀kan lélẹ̀, tó sì fi òfin de ìkejì. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ tó ní O burú.

Ṣùgbọ́n ìgbà tó burú pọ̀. Ní ọdún 1950, ìjọba òyìnbó fòfin de ẹgbẹ́ Zikist, àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún òmìnira. A gba òmìnira tán, àwọn tiwa náà di pátákó Sulla mú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1966, ìjọba Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká, àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pẹ̀lú. Ní ọdún 1985, ó kan àwọn dókítà. Ìgbà tí Ọ̀gágun Babangida gbàjọba ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Beko Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí ìdáǹdè. Síbẹ̀, ìjọba Babangida kan náà ló ti ìwé ìròyìn Newswatch pa ní oṣù Kẹrin ọdún 1987, òun ló fòfin de ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ní 1988, tó tún dè é ní 1992. Ní ọdún 1994, ìjọba Abacha ṣe òfin mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ti 6, ti 7 àti ti 8, láti fi ti àwọn ìwé ìròyìn Concord, Punch àti Guardian pa. Abacha yìí náà mà ni o, ẹni tó ka ọ̀rọ̀ lórí ọsibítù ní 1983! Àwọn alágbádá náà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá fọwọ́ sí i kí wọ́n fòfin de IPOB.

Mo kíyè sí nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ kí a ṣe nǹkan, wọ́n máa ń sọ ọ́ lédè tó yé wa: ẹ san owó orí, ẹ wá gbabẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa ẹnu ẹgbẹ́ kan mọ́, wọ́n máa ń wá ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé tí kò wọ́pọ̀, tí ẹni tó kà ìwé mẹ́wàá pàápàá yóò fi yẹ́ ojú. Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ bò ó. “Pàṣẹ” kò jọ “fòfin dè” rárá. Adití nìkan ni kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ wọn.

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán ni mo tó rántí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó mọ tiwa náà lè ní kí n má gbéra ga, nítorí Yorùbá ní ìbejì tirẹ̀. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ wo orúkọ ìlú wa, Ọ̀kà. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá ìlú ni, àbí ọkà tí a ń jẹ, àbí ọká, ejò olóró? Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, nígbà tó di ọdún 1875, àwọn àgbà ìjọ àti ọ̀mọ̀wé pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa. Síbẹ̀, títí di òní, ẹni tó ń kọ pátákó sójú ọ̀nà kì í fi àmì sí i. Àwa ará Àkókó ló yẹ kó mọ èyí jù. Ní agbègbè tiwa, ẹ lè rin máìlì mélòó kan láti Ìkàrẹ́ kí ẹ dé ìlú tí èdè wọn kò jọ Yorùbá mọ́, bíi ti Arigidi. Ẹni tó bá ń ná ọjà Ìkàrẹ́ mọ̀ pé ó yẹ kí òun bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, kí òun tó ní òun ti gbọ́.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ní Ìkàrẹ́

Ẹ gbọ́ èyí náà, ó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ti Ọ̀kà, mo ti di ẹni tí wọ́n ń gbé ìwé wá bá ní Ìkàrẹ́ kó bá wọn wò ó. Ìdílé kan fẹ́ fi ọmọ wọn joyè kékeré kan. Ó yẹ kí n ṣàlàyé pé nínú Òfin Oyè tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1957, ìjọba lè yan ọba kan tàbí ìgbìmọ̀ àwọn ọba tí yóò máa fọwọ́ sí oyè kéékèèké ní àgbègbè rẹ̀. “Prescribed authority” ni òfin náà pè é, aláṣẹ tí òfin yàn. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, a jogún ọ̀rọ̀ náà.

Ìdílé yìí ti san owó táìpù, ẹ̀dà mẹ́rin, wọ́n ti buwọ́ lù ú, àwọn àgbà ti tẹ̀ka. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ sáàfin. Mo ka ìlà kìíní, ara mi bù máṣọ. “Sí proscribed authority.” Ẹ fojú inú wò ó! Àwọn tó ń tọrọ ojúrere lọ́dọ̀ ọba, wọ́n pe ọba náà ní aláṣẹ tí ìjọba ti fòfin dè. Ní Ìkàrẹ́ kẹ̀! Ìlú tí ọ̀rọ̀ ipò láàárín Olúkàrẹ́ àti Ọwá Àlé ti dé ilé ẹjọ́, tó ti dé iwájú ìgbìmọ̀ ìjọba, tó sì ti dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ta ni yóò gbà pé àṣìṣe táìpù ni?

Mo dá wọn padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó tẹ̀ ẹ́. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó ní, “Tísà, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni.” Mo gba bírò, mo fa ilà sábẹ́ lẹ́tà kẹta. Mo ní, “Ẹ ṣe é, ó tì o.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn àgbà tún ìka wọn tẹ̀. Wọ́n fi iṣu ńlá mẹ́ta dá mi lọ́lá. N kò sọ ibi tí mo ti kọ́ ọgbọ́n náà fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ nípa Jímọ̀ yẹn rárá títí tó fi lọ bá àwọn baba rẹ̀. Kò bínú sí mi. Oúnjẹ rẹ̀ kò yí padà, àdúrà rẹ̀ kò yí padà. Nǹkan kan péré ló yí padà. Bí mo bá ti ka ìwé fún un, yálà lẹ́tà ọmọ rẹ̀ láti Èkó ni o, yálà ìwé owó omi ni, yóò gbọ́ mi dé òpin, yóò wá ní, “Ó dáa. Tún un kà.” Èmi yóò sì tún un kà. Níbi tí n kò bá mọ̀, mo kọ́ láti sọ pé, “Ìyá, n kò mọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n lọ bèèrè.” Ó le lẹ́nu mi nígbà àkọ́kọ́ bí ẹyìn àìhó. Nígbà tó yá, kò le mọ́.

Ọmọkùnrin náà lọ sí ilé-ìwé àwọn adití, ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìkàrẹ́ báyìí. Ó ti ní ìyàwó, ó ti bímọ mẹ́ta. Òun ló rán agbádá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà. Mo ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà fún un, mo kọ ọ́ sínú ìwé, ojú ewé méjì gbáko. Ó kà á, ó ká a pọ̀, ó fi sínú àpò, ó sì lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì wá, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ara rẹ̀.

Ìwé la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, nítorí n kò já fáfá nínú èdè ọwọ́. Pátákó dúdú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Oníbàárà yóò kọ ohun tó fẹ́ síbẹ̀: báyìí ni kó gùn tó, irú ọrùn báyìí ni kó ṣe sí i. Mo jókòó tì í lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń wò ó. Obìnrin kan kọ nǹkan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń kánjú. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó fi ìka lé lẹ́tà kan tí kò hàn dáadáa, ó gbójú sókè wo obìnrin náà, ó sì dúró. Ìgbà tí obìnrin náà tún lẹ́tà yẹn kọ tán ni ó tó mú sísọ́ọ̀sì, tó gé aṣọ.